Ilé Tí Kò Ní Onílé Kan Ṣoṣo: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Tí A Ń Gbà Wọ Mastodon

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí kan gbogbo ẹni tó ní fóònù lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, tàbí òbí tó ń ra dátà fún ọmọ. Ní ọjọ́ 5, oṣù Òkúdu, ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti Twitter pa, èyí tí àwọn akọ̀ròyìn wa máa ń pè ní abẹ́yẹfò. Ilé-iṣẹ́ Twitter ti kọ́kọ́ pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ síbẹ̀ rẹ́. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí mínísítà ètò ìròyìn, Lai Mohammed, fi kéde pé wọ́n ti dá iṣẹ́ Twitter dúró ní ilẹ̀ yìí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù gba àṣẹ, wọ́n sì dí ọ̀nà. Ọjọ́ 13, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i padà. Oṣù méje gbáko ó lé ni oníṣòwò, akọ̀ròyìn àti ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́ fi wà ní ìta, àfi ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń fi VPN yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ ní oṣù Agẹmọ 2022 pé ohun tí ìjọba ṣe kò bá òfin mu, ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò lè dá oṣù méje tó ti lọ padà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn dáadáa. Ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà àti ìjọba kan ní Àbújá ló ní aáwọ̀. Ọmọ Agric tó ń fi Twitter polówó bàtà kò sí nínú aáwọ̀ náà, síbẹ̀ òun ni kò rí oníbàárà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní oṣù Ọ̀wàrà 2022, Elon Musk ra Twitter ní bílíọ̀nù 44 dọ́là. Ní oṣù Agẹmọ 2023, ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí X. Kò sí ẹni tó bi wá léèrè, kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ẹni tó ni ilé ló ni àṣẹ ilé. Ayálégbé lè kun ògiri, ó lè gbin òdòdó sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí onílé bá ní kó kó ẹrù rẹ̀, ó di dandan kó kó o. Àwa tí a ń gbé ní Agric, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń yá ilé gbé, a mọ ìtumọ̀ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún wa.

Nítorí irú èyí ni àwọn kan fi gbé ojú òpó mìíràn kalẹ̀, tí kò ní onílé kan ṣoṣo. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Mastodon. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń sọ pé ó ti tú gbogbo wa sílẹ̀ lóko ẹrú. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ní ohun ìṣeré àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà lásán ni. Mo wọ ibẹ̀, mo sì ń lò ó, kí n lè sọ ohun tí mo rí kún ohun tí mo kà. Ìdájọ́ mi ni pé èrò tó wà nídìí Mastodon dára ju ti àwọn ojú òpó ńlá lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ há, ẹni tó bá sì dá wọ ibẹ̀ láti Agric yóò pẹ́ kó tó rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí a wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí a kó ara wa jọ wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti lóye rẹ̀ ni kí a wo fóònù tó wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó ń lo MTN ní Agric lè pe ẹni tó ń lo Glo ní Ẹ̀pẹ́. Kò sí ẹni tó máa sọ fún un pé kó lọ ra síìmù Glo kó tó lè bá ọmọ ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láti ọdún 2013, ènìyàn tilẹ̀ lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn láìpààrọ̀ nọ́ńbà náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni íméèlì: ẹni tó wà ní Gmail ń kọ̀wé sí ẹni tó wà ní Yahoo, lẹ́tà á sì dé. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú láti ti orí X kọ lẹ́tà sí ẹni tó wà lórí Instagram. Kò ṣeé ṣe. Olúkúlùkù ilé-iṣẹ́ ti mọ odi yí ilé tirẹ̀ ká, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ohun tí Mastodon ṣe ni pé ó kọ̀ láti mọ odi yẹn. Eugen Rochko, ọ̀dọ́ kan tó ń gbé ní Jámánì, ló gbé e jáde ní ọdún 2016. Ètò kọ̀ǹpútà tí a kò tà ni. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kó sì gba ènìyàn síbẹ̀. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní sáfà. Sáfà kọ̀ọ̀kan dà bí agbo ilé: ó ní orúkọ, ó ní baálé, ó ní òfin tirẹ̀. Ọ̀nà ló so àwọn agbo ilé náà pọ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà nínú ọ̀kan lè kí ẹni tó wà nínú èkejì, kó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó sì fèsì. Ìlànà tí wọ́n fi la ọ̀nà náà ń jẹ́ ActivityPub. W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà fún íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri àgbáyé, fọwọ́ sí i ní ọdún 2018. Nítorí èyí, orúkọ ènìyàn lórí Mastodon ní apá méjì bí ti íméèlì: orúkọ tirẹ̀, lẹ́yìn náà orúkọ agbo ilé rẹ̀. Ẹni tó bá sọ apá kìíní nìkan kò tíì sọ ibi tí a ti lè rí i.

Ibi ẹnu ọ̀nà yìí gan-an ni àbùkù àkọ́kọ́ wà. Ẹni tó fẹ́ wọ Facebook yóò kọ orúkọ àti nọ́ńbà, ó ti wọlé. Ẹni tó fẹ́ wọ Mastodon yóò bá ìbéèrè pàdé kó tó rí ohunkóhun: sáfà wo lo fẹ́? Wọ́n á to ọ̀pọ̀ orúkọ síwájú rẹ̀. Ọ̀kan wà fún àwọn ayàwòrán, ọ̀kan fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ọ̀kan fún ará ìlú kan ní Yúróòpù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó yá fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí dátà rẹ̀ kò ju ti wákàtí kan lọ, báwo ni yóò ṣe yan agbo ilé nígbà tí kò tíì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀? Ṣe ni ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú dánfó ní Agric yan àdúgbò tí yóò máa gbé, yálà Ìsàwò tàbí Owútù, kí wọ́n tó jẹ́ kó kúrò ní ibùdókọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti ibẹ̀ padà sílé.

Àwọn tó ń darí Mastodon rí àbùkù yìí. Láti ọdún 2023, áàpù wọn ti ń tọ́ka ẹni tí kò bá fẹ́ yan sí sáfà ńlá kan, mastodon.social, tí àwọn fúnra wọn ń bójú tó. Ẹnu ọ̀nà wá fẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: bí gbogbo àlejò bá ń wọ agbo ilé kan náà, ṣé kì í ṣe onílé kan ṣoṣo la tún ń dá padà? Bluesky náà wà nínú ìṣòro yìí. Inú Twitter ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 2019, wọ́n sì ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní oṣù Èrèlé 2024. Ó rọrùn láti wọ̀, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan ló ń gba ọ̀pọ̀ àlejò sílé. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ní ẹnikẹ́ni lè kó ẹrù rẹ̀ jáde nígbàkígbà, wọ́n sì ti ṣe ètò tó jẹ́ kó ṣeé ṣe. Síbẹ̀, ẹni tí kò kó ẹrù jáde rí, abẹ́ òrùlé ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣì wà. Ìlànà tirẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti Mastodon, tó fi jẹ́ pé àwọn méjèèjì kò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí afárá láàárín wọn.

Fún ẹni tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ yan, ohun mẹ́rin ni mo gbà pé ó yẹ kó wò. Èkíní, òfin ilé: sáfà kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tó sọ ohun tí wọn kò gbà níbẹ̀ àti iye ọdún tí ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹ́. Èyí tí kò bá ní òfin, ẹ má wọ̀ ọ́. Èkejì, ta ni baálé, ta ló sì ń sanwó? Ọ̀pọ̀ sáfà ló ń fi owó ìtọrẹ gbéra. Èyí tó bá sọ ìnáwó rẹ̀ síta ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ju èyí tó dákẹ́ lọ. Ẹ̀kẹta, ṣé wọ́n máa ń béèrè ìdí tí ènìyàn fi fẹ́ wọlé? Ìbéèrè yẹn ń dá wa dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dá oníjìbìtì náà dúró. Ẹ̀kẹrin, irú ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n ń sọ níbẹ̀? Ènìyàn lè ka ohun tí wọ́n ń kọ kó tó forúkọ sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá yan tán tí kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè kó lọ sí sáfà mìíràn, àwọn tó ń tẹ̀ lé e yóò sì bá a lọ. Ohun tí kò ní bá a lọ ni àwọn ọ̀rọ̀ tó ti kọ. Ìwọ̀nyẹn yóò kù sí ilé àtijọ́. Ó ṣe pàtàkì kí olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ohun tó níláárí mọ èyí, kó sì ní ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Àbùkù kejì ni pé bí ènìyàn bá wọlé tán, pálọ̀ tó ṣófo ni yóò bá. Lórí TikTok, kí ènìyàn tó mí, fídíò ti ń sáré wá bá a. Mastodon kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí o bá tẹ̀ lé nìkan ni wàá rí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì wá bí ó ṣe kọ wọ́n tẹ̀ léra. Kò sí ìpolówó ọjà. Kò sí ẹ̀rọ kan tó ń ṣọ́ ohun tó máa mú inú bí ọ kí ó lè gbé e wá. Mo ka èyí sí iyì. Òbí tó ti rí ọmọ tó jókòó ti fóònù títí di ọ̀gànjọ́ yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n iyì yìí kan náà ló ń lé àlejò lọ, nítorí kò sí ẹni tó kí i káàbọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni yóò fi tún pálọ̀ náà ṣe. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú nípa ara rẹ̀ àti ohun tó fẹ́ràn, láìsọ àdírẹ́ẹ̀sì ilé tàbí orúkọ ilé ìwé rẹ̀. Kí ó fi àmì háṣítáàgì sí i, nítorí háṣítáàgì ni àwọn ènìyàn fi ń wá ara wọn níbẹ̀. Kí ó tẹ̀ lé háṣítáàgì ohun tó kàn án bíi Yoruba tàbí Nigeria. Kí ó fèsì sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn dípò kó dúró de ẹni tí yóò fèsì sí tirẹ̀.

Níbí yìí, ó yẹ kí n gbọ́ ẹjọ́ àwọn ojú òpó ńlá, kí ìdájọ́ mi má baà jẹ́ ti ojúsàájú. Ìkòròdú wa níbí ni àwọn ọmọdé tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ikorodu Bois ti jáde. Wọ́n ń fi ohun tó wà nílé, kẹ̀kẹ́ ẹrù, igi àti ike, ṣe àwòkọ fíìmù ńlá. Ní ọdún 2020, wọ́n ṣe àwòkọ fíìmù *Extraction*, àwọn tó ṣe fíìmù náà rí i, wọ́n sì pè wọ́n síbi àfihàn apá kejì. Netflix náà fi irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn lọ́dún náà. Ṣé Mastodon lè ṣe èyí? Mo rò pé kò lè ṣe é, ó kéré tán ní báyìí. Ọjà ńlá ni Instagram àti Twitter, inú ọjà ńlá sì ni ẹni tó ní ọjà tó dára ti ń pàdé olówó. Ẹni tó bá ní kí ọmọ tó ní ẹ̀bùn kúrò nínú ọjà yẹn pátápátá kò ṣe é lóore.

Àmọ́, ẹ jẹ́ kí a tún bi ara wa: ọjà ńlá mélòó ló ti tú lójú wa? Àwọn ẹ̀gbọ́n wa rántí BBM, nígbà tí gbogbo ọ̀dọ́ ń béèrè PIN lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n pa á dé ní oṣù Èbìbí 2019. Google+ ti kọ́kọ́ lọ ní oṣù Igbe ọdún náà. Nígbà tí wọ́n ti Twitter pa fún wa ní 2021, ìjọba fúnra rẹ̀ kó lọ sí Koo, ojú òpó kan láti Íńdíà. Koo náà pa ìlẹ̀kùn dé ní 2024. Gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn, ìjáde nílé onílé kan bọ́ sílé onílé mìíràn ni. Ojútùú tí mo rí ni pé kí ènìyàn máa ná ọjà, kó sì ní ilé. Kí ọmọ tó ní ẹ̀bùn gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ọjà ńlá, ṣùgbọ́n kó ní ibi tí iṣẹ́ náà wà tí ẹnì kan ṣoṣo kò lè jí dìde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kó sì pa á rẹ́.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé ìjọba kò lè ti irú ojú òpó yìí pa. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Lóòótọ́, ó rọrùn láti dí ọ̀nà tó lọ sí ilé kan ju kí a dí ọ̀nà tó lọ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún agbo ilé lọ. Bí wọ́n bá dí ọ̀kan, èyí tó kù á máa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan náà ni gbogbo wa ń gbà kọjá, bí wọ́n bá sì gé íntánẹ́ẹ̀tì, Mastodon náà gé. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí ìtìpa ṣòro. Kò sọ ọ́ di ohun tí kò ṣeé ṣe.

Àbùkù kẹta ló wúwo jù lójú mi, ọ̀rọ̀ àwọn baálé sì ni. Mastodon ní lẹ́tà ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tì í pa bí ti WhatsApp. Ẹni tó ń bójú tó sáfà lè kà á bó bá fẹ́. Kí gbogbo òbí mọ èyí, kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sì gbà á bí òfin: ohun tí kò ṣeé kọ sára pátákó ilé ìwé, ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà Mastodon. Lẹ́yìn èyí, baálé lè já ọ̀nà tó so agbo ilé rẹ̀ pọ̀ mọ́ òmíràn bí wọ́n bá jà, àwọn ọ̀rẹ́ tó wà lódìkejì á sì pàdánù ara wọn láìṣẹ̀. Baálé lè rẹ̀, owó rẹ̀ lè tán, kó pa ilé náà dé. Ìjọba kékeré náà ìjọba ni.

Ta ló sì gbọ́ èdè wa níbẹ̀? Bí ẹnì kan bá bú ọmọ wa ní Yorùbá lórí sáfà tí àwọn olùbójútó rẹ̀ ń gbé ní Jámánì, tí a sì fi ẹjọ́ sùn, wọn kò ní mọ̀ bóyá èébú ni tàbí oríkì. Ní ìparí ọdún 2022, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá kúrò ní Twitter, àwọn ènìyàn dúdú kan tó wọ Mastodon ráhùn. Wọ́n ní bí àwọn bá ti mẹ́nu ba ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí wọ́n ń hù sí àwọn, àwọn ará ilé yóò ní kí wọ́n fi ìkìlọ̀ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé kò sí ọ̀gá lójú òpó yìí kò tíì wo ẹni tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, nítorí ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń fi àṣà lélẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwòsàn àrùn náà wà nínú ojú òpó wọ̀nyí fúnra wọn. Lórí ìlànà Bluesky, Rudy Fraser, ọmọ Amẹ́ríkà, dá Blacksky sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú, tí wọ́n ń fúnra wọn ṣe ìtọ́jú àti ààbò ibẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Facebook, àfi bí onílé bá gbà. Ohun tí Blacksky ṣe yẹn ni mo fẹ́ kí a wò, nítorí àwa náà lè ṣe é.

Kí n tó parí, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu kan ohun kékeré kan tó dùn mọ́ mi, nítorí pé ó kan èdè tí a fi kọ àròkọ yìí. Ẹni tí kò bá sanwó lórí X ní àyè fún àmì 280. Ọ̀nà tí X ń gbà ka àmì kò ṣe wá lóore: ó ka lẹ́tà *a* sí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ó ka *ẹ*, *ọ* àti *ṣ* sí méjì méjì. Bí a bá tún fi àmì ohùn sórí *ẹ*, ó di mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà *ẹ̀kọ́*, tí kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ, ó di méje. Ẹni tó bá kọ Yorùbá dáadáa níbẹ̀ ń san owó orí lórí àmì tí àwọn olùkọ́ wa ń fi pàṣán kọ́ wa pé a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Mastodon ń ka lẹ́tà pẹ̀lú àmì rẹ̀ sí ẹyọ kan, àyè rẹ̀ sì jẹ́ 500. Èdè wa kò jìyà níbẹ̀. A tún lè tọ́ka sí i pé Yorùbá la fi kọ ọ̀rọ̀ kan, a lè ṣàtúnṣe àṣìkọ lẹ́yìn tí ó ti jáde, a sì lè ṣàpèjúwe àwòrán fún afọ́jú tó ń fi ẹ̀rọ ka ìwé. Fún ẹ̀kọ́ èdè, n kò tíì rí ojú òpó tó yẹ ilé ìwé jù ú lọ.

Kí ni ká wá ṣe? Èrò mi ni pé kò yẹ kí a ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan dá lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo nínú pálọ̀ tó ṣófo kò ní pẹ́ sú. Kí ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kan fún kíláàsì, kí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ Yorùbá tàbí olùkọ́ kọ̀ǹpútà. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé, kí olùkọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó gbé e síta. Iṣẹ́ kò wọ́n: ta ló kọ́kọ́ tẹ Owútù dó? Báwo ni Agric ṣe gba orúkọ rẹ̀? Irú ẹja wo ni wọ́n ń pa ní Báyẹ̀kú? Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ń bẹ, wọn kò sì ní wà títí láé. Kí ilé ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ máa tẹ̀ lé ara wọn, pálọ̀ náà á kún.

Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, a lè ronú sáfà tiwa. Kì í ṣe ohun tí a ó gbé sí yàrá kan ní Agric kí jẹnẹrétọ̀ máa kùn lé e lórí; ènìyàn lè yá àyè lórí kọ̀ǹpútà àwọn tó ń fi í ṣòwò, kí ó sì máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Owó yẹn kò tó ohun tí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan kò lè dá. Ìmọ̀ náà kò jìnnà: ilé ẹ̀kọ́ gíga LASUSTECH wà ní Ìkòròdú níbí, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì wà níbẹ̀. Èyí tó le ni ẹni tí yóò máa jí gbọ́ ẹjọ́, tí yóò máa yọ oníjìbìtì, tí yóò sì máa ṣọ́ àwọn ọmọdé. Bí a kò bá tíì rí ẹni bẹ́ẹ̀, tí ó ju ẹyọ kan lọ, kí a má tíì kọ́ ilé. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 sì béèrè ìyọ̀ǹda òbí kí ẹnikẹ́ni tó gba ìsọfúnni ọmọdé. Nítorí náà, ìpàdé òbí àti olùkọ́ ni ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ti ka àbùkù mẹ́ta sí Mastodon lọ́rùn: ẹnu ọ̀nà tó há, pálọ̀ tó ṣófo, àti baálé tí a kò mọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tán. Ẹni tó bá ti wà nínú lè mú àlejò lọ́wọ́ wọlé. Kíláàsì kan lè kún pálọ̀. Ìlú lè yan baálé tó mọ̀. Àbùkù àwọn ojú òpó ńlá kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọwọ́ onílé nìkan ni àtúnṣe wọn wà. Ìdí nìyí tí mo fi dá Mastodon láre, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo bá a wí. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ohun tí ẹ máa jíròrò. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn àgbà léèrè ohun tí a óò kọ.